Jíjẹ Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ àti Yíyẹra fún Un: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Olúkúlùkù ni ó ń pinnu bóyá òun yóò jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí òun kò ní jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìdí tí a máa ń sọ síta lè yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lọ́kàn wa gan-an. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kà á léèwọ̀ á máa sọ̀rọ̀ aràn. Ẹni tí òórùn rẹ̀ kò bá lára mu á máa tọ́ka sí Bíbélì. Ẹni tí ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ á máa ka èròjà aṣaralóore tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa. Nínú àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí, mo gbìyànjú láti ya ìdí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí a lè mọ èyí tí ó yẹ kí a bi ẹ̀rí léèrè lórí rẹ̀ àti èyí tí kò nílò ẹ̀rí rárá.

Kí ló dé tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fi ń fa awuyewuye tó báyìí?

Ó wà lára àwọn ẹran tí aráyé ń jẹ jù lọ, China nìkan ni ó sì ń jẹ nǹkan bí ìdajì gbogbo rẹ̀. Ẹran kan náà yìí ni àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù tí ó ń pa òfin mọ́ kà léèwọ̀ pátápátá. Ohun tí ẹnì kan ń jẹ láàárọ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì ni ẹlòmíràn kò ní jẹ́ kí ó kan abọ́ rẹ̀. Ẹran màlúù, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ, ni mo rò pé ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú irú awuyewuye bẹ́ẹ̀.

Kí ni Bíbélì àti Al-Kùránì sọ gan-an?

Nínú Bíbélì, òfin náà wà ní Lefitiku 11:7 àti Deuteronomi 14:8. Ìdí tí a kọ síbẹ̀ ni pé pátákò ẹlẹ́dẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í jẹ àpọ̀jẹ, bẹ́ẹ̀ ẹran tí a máa kà sí mímọ́ gbọ́dọ̀ ní àmì méjèèjì. Ràkúnmí àti ehoro wà nínú orí kan náà, wọ́n sì jẹ́ aláìmọ́ nítorí pé àmì ti pátákò ni a sọ pé wọn kò ní. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹsẹ náà kò mẹ́nu kan àìsàn, kò sì sọ pé ilé ẹlẹ́dẹ̀ dọ̀tí.

Nínú Al-Kùránì, ìkàléèwọ̀ náà jáde níbi mẹ́rin: 2:173, 5:3, 6:145 àti 16:115. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ìnira bá lé dé ibi tí kò ti rí ohun mìíràn jẹ, tí kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ rú òfin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ apá àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹsẹ wọ̀nyí dáadáa, tí wọn kì í sì í ka apá kejì dé òpin.

Kí ló dé tí àwọn Kristẹni kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀?

Àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ gbára lé Marku 7, níbi tí Jésù ti sọ pé ohun tí ó wọ ènìyàn láti òde kò lè sọ ọ́ di aláìmọ́, àti ìran tí Peteru rí ní Iṣe Awọn Aposteli orí 10, nígbà tí aṣọ ńlá kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run pẹ̀lú onírúurú ẹran nínú rẹ̀, tí ohùn kan sì ní kí ó dìde, kí ó pa, kí ó sì jẹ. Àwọn tí kì í jẹ ẹ́ máa ń tọ́ka sí ẹsẹ 28 nínú orí kan náà, níbi tí Peteru fúnra rẹ̀ ti túmọ̀ ìran náà sí ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn: pé kí òun má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní aláìmọ́. Ìjọ Seventh-day Adventist àti Ìjọ Ọ̀tọ́dọ́ọ̀sì ti Etiópíà wà lára àwọn tí ó ṣì ń yẹra fún un. Ẹni tí ó bá ka Romu orí 14 yóò rí i pé àríyànjiyàn lórí oúnjẹ ti wà láàárín àwọn onígbàgbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn tí a sì fún wọn nígbà náà ni pé kí ẹni tí ó ń jẹ má ṣe kẹ́gàn ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má sì ṣe dá ẹni tí ó ń jẹ lẹ́jọ́.

Ṣé kì í ṣe nítorí àìsàn ni Ọlọ́run fi kà á léèwọ̀?

Nínú gbogbo àlàyé tí mo ń gbọ́, èyí ni ó wọ́pọ̀ jù, tẹnu onígbàgbọ́ àti tẹnu ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Maimonides, tí ó jẹ́ oníṣègùn àti onímọ̀ òfin àwọn Júù ní ọ̀rúndún 12, ti sọ pé ìdọ̀tí ẹlẹ́dẹ̀ àti ohun tí ó ń jẹ wà lára ìdí tí òfin fi kórìíra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aràn kò tíì sí nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1835 ni James Paget, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní London, rí ọmọ aràn Trichinella nínú iṣan òkú tí wọ́n ń là láti fi kọ́ṣẹ́. Ó sì di 1860 kí Friedrich Zenker, dókítà kan ní Dresden ní Jámánì, tó so ikú ọ̀dọ́bìnrin kan mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó jẹ. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé òfin àtijọ́ ti mọ ohun tí sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò dúró dáadáa. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, tí òfin kan náà gbà láyè, lè kó àrùn bíi anthrax àti brucellosis ran ènìyàn, màlúù sì ní aràn pẹlẹbẹ tirẹ̀. Àmì àìsàn Trichinella tí ó le jù, bí ara ríro, ibà àti ojú wíwú, lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fara hàn, tí yóò sì ṣòro fún ẹnikẹ́ni láyé àtijọ́ láti mọ oúnjẹ tí ó fà á láàárín gbogbo ohun tí ó ti jẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ó bá jẹ́ pé aràn ni ìdí òfin, a jẹ́ pé òfin náà parí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá ti mọ bí a ṣe ń se ẹran jinná. Onígbàgbọ́ tí ó gbé èèwọ̀ rẹ̀ karí aràn ti fi èèwọ̀ náà lé ọwọ́ ẹni tí ó ní tẹmómítà nílé ìdáná.

Àwọn onímọ̀ nípa àṣà ìgbé ayé ẹ̀dá ti wá àlàyé mìíràn. Ní 1966, Mary Douglas sọ pé ọ̀rọ̀ ìtò ni: ẹran tí kò bá ipò tí a là sílẹ̀ mu ni a kà sí àìmọ́. Marvin Harris, ní 1974, wò ó láti ìhà ọrọ̀ ajé, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ nílò omi àti ibòji tí ilẹ̀ gbígbẹ kò ní, kò sì lè jẹ koríko bí àgùntàn, nítorí náà oúnjẹ àti omi ènìyàn ni yóò máa bá a dù. Kò sí èyí tí gbogbo ènìyàn gbà nínú méjèèjì. Lójú tèmi, ẹni tí ó ń yẹra fún un nítorí pé Ọlọ́run rẹ̀ ní kí ó yẹra ti ní ìdí tí ó péye, kò sì nílò láti yá ìdí lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé aràn wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí?

Ó lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aràn méjì tí a máa ń dà pọ̀ ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni Trichinella tí mo ti mẹ́nu kàn. Ẹlẹ́dẹ̀ ń kó o tí ó bá jẹ eku tàbí ẹran tútù tí aràn náà wà nínú rẹ̀. Ní ibi tí a ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé tí a ṣọ́, tí a sì ń fún un ní oúnjẹ tí ó mọ́, ó ti di ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Ẹran ìgbẹ́ bíi túùkú ni ó yẹ kí a máa bẹ̀rù jù lónìí.

Èkejì ni Taenia solium, aràn pẹlẹbẹ gígùn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná, tí ọmọ aràn yìí wà nínú rẹ̀, yóò ní aràn nínú ìfun. Ìyẹn kì í sábà ṣe é ní nǹkan púpọ̀. Àìsàn tí ó burú, èyí tí ó ń wọ ọpọlọ tí ó sì ń fa gìrì àti wárápá, kì í wá tààrà láti inú ẹran. Ó ń wá láti inú ẹyin aràn tí ó jáde nínú ìgbẹ́ ẹni tí aràn wà nínú rẹ̀, tí ó sì gba ọwọ́ tí a kò fọ̀, omi tàbí oúnjẹ wọ ẹnu ẹlòmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà ní New York rí àrùn ọpọlọ yìí lára àwọn Júù tí wọn kì í fi ẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀; ó jọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, tí aràn náà wà nínú wọn láìmọ̀, ni ó ti wá. Nítorí náà, ẹni tí ó yẹra fún ẹlẹ́dẹ̀ nítorí aràn yìí, tí kò sì ka ọwọ́ fífọ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ sí, ti ilẹ̀kùn kan, ó sì ṣí èyí tí ó tóbi jù sílẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń sè é tí ọkàn yóò fi balẹ̀?

Ìwọ̀n ooru inú ẹran ni ó ṣe pàtàkì, ojú kò lè fi àwọ̀ nìkan mọ̀ ọ́n. Láti 2011, ìlànà ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó ọ̀gbìn ni pé kí àárín ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ odindi dé 63°C, kí a sì jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó gé e. Ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ dé 71°C, nítorí pé lílọ̀ ń gbé kòkòrò tí ó wà lójú ẹran wọ inú rẹ̀. Ibi tí ó nípọn jù ni a ń ki tẹmómítà bọ̀, kí ẹnu rẹ̀ má sì kan egungun, nítorí pé ooru egungun lè tan yín jẹ. Ẹran tí ó bá ti dé ìwọ̀n yìí ṣì lè pọ́n díẹ̀ láàárín láìléwu. Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà, kí ó bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀ dénú.

Fíríìsà tí ó tutù dé −15°C lè pa Trichinella nínú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò nípọn tó 15 cm láàárín 20 ọjọ́, ṣùgbọ́n irú Trichinella tí ó wà nínú ẹran ìgbẹ́ kan lè fara da òtútù náà. Iyọ̀, èéfín àti gbígbẹ nìkan kò ṣeé fi ọkàn tán. Ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ jinná dáadáa, torí pé fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀wú E lè wà nínú rẹ̀.

Àrùn tí wọ́n pè ní "swine flu" ńkọ́?

Jíjẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó jinná kì í fà á. Fáírọ́ọ̀sì H1N1 tí ó tàn kálẹ̀ ní 2009 ń ti ara ènìyàn ran ènìyàn nípasẹ̀ ikọ́ àti sísín. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà, tí ó ń pa odindi agbo ẹlẹ́dẹ̀, kì í tilẹ̀ ran ènìyàn.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹlẹ́dẹ̀ dọ̀tí?

Ẹlẹ́dẹ̀ kò lè làágùn tó láti fi tu ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń yí nínú omi tàbí ẹrẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Bí àyè bá gbà á, ibi ọ̀tọ̀ ni ó ń yàgbẹ́ sí, jìnnà sí ibi tí ó ń sùn. Lóòótọ́, ó ń jẹ ohun tí ojú ènìyàn kò fẹ́ rí. Adìẹ náà ń jẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń bi adìẹ léèrè.

Ṣé ó dára fún ara?

Ibi tí a bá ti gé ẹran náà lára ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń pinnu ìdáhùn. Nínú 100 g ẹran ẹ̀yìn tí kò lọ́ràá, ọ̀rá lè má ju bí 4 g lọ. Nínú 100 g ẹran ikùn tútù, ó lè ju 50 g lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ pé "ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́ràá jù" àti ẹni tí ó ń sọ pé "kò lọ́ràá" lè má ti máa sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà. Purotéènì inú rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí 26 g nínú 100 g ẹran tí kò lọ́ràá tí a ti sè, fítámínì B1 inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn ẹran tí ó wọ́pọ̀ lọ. Kò sí èròjà kan nínú rẹ̀, síbẹ̀, tí ẹni tí kì í jẹ ẹ́ kò lè rí nínú ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti àwọn ẹran mìíràn.

Wọ́n ní ó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Ní oṣù kẹwàá 2015, IARC, tí ó jẹ́ ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi ẹran tí a ti fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú sínú ìsọ̀rí 1, ìyẹn ohun tí ẹ̀rí ti fi hàn pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Bacon, ham àti ọ̀pọ̀ sọ́séèjì wà níbẹ̀. Ẹran pupa, tí ẹlẹ́dẹ̀ tútù àti màlúù jọ wà nínú rẹ̀, bọ́ sí ìsọ̀rí 2A, ìyẹn ohun tí ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó fà á. Àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé 50 g ẹran tí a tọ́jú báyìí lójoojúmọ́ ń fi nǹkan bí 18% kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá.

Ìsọ̀rí yìí ń sọ bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó, kò sọ bí ewu ṣe tóbi tó. Sìgá wà ní ìsọ̀rí 1 náà, ewu sìgá sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. 18% yẹn jẹ́ ìdá lórí ewu tí olúkúlùkù ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé ènìyàn 18 nínú 100 ni yóò ní jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìdí yìí dín in kù, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bacon àti sọ́séèjì, kí ó sì rántí pé ẹran màlúù tí a fi iyọ̀ tọ́jú kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ti rí ẹni tí ó fi ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ tí ó sì ń jẹ sọ́séèjì màlúù lójoojúmọ́.

Dókítà ní kí n dín in kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé mo gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ pátápátá?

Ẹ bi dókítà yín ohun tí ó ní lọ́kàn gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iyọ̀ inú ẹran tí a tọ́jú ni ó ń bẹ̀rù, pẹ̀lú ọ̀rá. Ègé ẹran tútù tí kò lọ́ràá, tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sè fúnra yín, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ara mi máa ń yún mi tí mo bá jẹ ẹ́. Kí ló lè fà á?

Àwọn ènìyàn kan ní àìbáramu pẹ̀lú èròjà kan tí à ń pè ní alpha-gal, tí ó wà nínú ẹran àwọn ẹranko tí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Eégbọn ni ó sábà máa ń dá a sílẹ̀ nígbà tí ó bá bu ènìyàn jẹ, àmì rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé: wákàtí méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún, inú á máa rọ́, nígbà mìíràn èémí á ṣòro láti mí. Nítorí pé oúnjẹ alẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹ ẹran, òru ni ó ń jí wọn, wọn kì í sì í rò ó mọ́ ẹran. Tí ó bá jẹ́ alpha-gal ni, màlúù àti àgùntàn náà kò ní bá yín lára mu. Àìbáramu mìíràn tún wà tí ó ń mú àwọn tí ara wọn kò gba ológbò, nítorí pé èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò jọ ti ẹlẹ́dẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún méjèèjì. Bí èémí bá ti ń há, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

N kò kàn fẹ́ràn òórùn rẹ̀ ni. Ṣé ìyẹn náà tó ìdí?

Ó tó. Òórùn náà kì í sì í ṣe àlá yín. Nínú ara akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá, èròjà méjì lè kó jọ sínú ọ̀rá: androstenone, tí ó ń ti inú kórópọ̀n wá, àti skatole, tí ó ń ti inú ìfun wá. Bí ọ̀rá náà bá kan iná, òórùn bíi ti ìtọ̀ tàbí òógùn tó ti pẹ́ lára á gba gbogbo ilé ìdáná. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé imú wa kò rí bákan náà. Àwọn kan kì í gbóòórùn androstenone rárá, àwọn kan ń gbọ́ ọ bí ohun dídùn, àwọn mìíràn kò lè fara dà á; jíìnì kan tí a pè ní OR7D4 wà lára ohun tí ó ń fa ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí tọkọtaya bá jókòó ti abọ́ kan náà, tí ìyàwó ní ẹran ń rùn, tí ọkọ sì ní òun kò gbóòórùn kankan, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́.

Ohun tí ó máa ń bí àwọn mìíràn nínú ni pé ìdí yìí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀sìn tàbí ti ìlera. N kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó tóbi. Kò sí ẹni tí ń béèrè ẹsẹ Ìwé Mímọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í jẹ ilá.

Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni ó dùn mí. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àsọdùn?

Kì í ṣe àsọdùn. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ń lóyún fún nǹkan bí 114 ọjọ́. Ní àwọn oko ńlá kan, inú àgò irin tí kò fẹ̀ ju bí 60 cm lọ ni a ń fi í sí fún gbogbo àkókò yẹn: ó lè dìde, ó lè dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yíjú padà. A máa ń gé ìrù ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n má baà bu ìrù ara wọn jẹ, wọ́n sì ń bu ú jẹ nítorí pé ibi tí wọ́n wà há, kò sì sí ohun tí wọ́n lè máa fi imú tú. Ẹran tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, tí ó lè kọ́ bí a ṣe ń lo dígí láti wá oúnjẹ, ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de àgò oyún yìí ní 1999, àwọn orílẹ̀-èdè Àjọṣepọ̀ Yúróòpù sì fòfin dè é fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò oyún láti 2013.

Ẹni tí ìdí rẹ̀ jẹ́ èyí ní àṣàyàn ju ọ̀kan lọ. Ó lè fi gbogbo ẹran sílẹ̀. Ó lè máa jẹ ti oko tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń rìn ní gbangba. Ó yẹ kí ó rántí, síbẹ̀, pé bí ó bá fi adìẹ oko ńlá rọ́pò ẹlẹ́dẹ̀, iye ẹran tí yóò kú fún oúnjẹ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i ni.

Èmi ń jẹ ẹ́, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣé mo nílò ìdí?

Ẹ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni mo ṣe lè kọ̀ ọ́ nídìí oúnjẹ láìbí ẹni tí ó gbà mí lálejò nínú?

Kí ẹ sọ ọ́ kí oúnjẹ tó dé ni ó dára jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, a kì í rántí títí ìyá tí ó gbà wá lálejò yóò fi bu ẹran sínú abọ́ wa, tí yóò sì dúró tì wá láti rí bí a ó ṣe tọ́ ọ wò. Ẹ sọ ọ́ ṣókí, kí ẹ sì fi ọpẹ́ ṣáájú: "Ẹ ṣeun gan-an, mà. N kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n n ó jẹ gbogbo ìyókù." Bí ó bá béèrè pé, "Ṣé torí ẹ̀sìn ni, ọmọ mi?" òótọ́ ni kí ẹ fi dáhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," tàbí, "Rárá o, mà, ara mi ni kò gbà á." Irọ́ pé ara yín kò gbà á lè mú kí ó wá ègé tí kò lọ́ràá fún yín nígbà mìíràn, pẹ̀lú ìfẹ́, tí ẹ ó sì tún pàdé ẹran náà.

Ohun tí kò yẹ ni kí ẹ máa sọ ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ fún àwọn tí ó ti fi ẹran rẹ̀ sẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ gba àlejò, bí ó bá bi yín bóyá ìkòkò tàbí òróró kan náà ni ẹ fi sè é, ẹ sọ òótọ́ fún un. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò kàn gba ẹran náà, ó lè má jẹ́ nǹkan. Fún Mùsùlùmí tàbí Júù, yíyọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ kò yanjú ọ̀rọ̀.

Níbo ni ó ti lè wà láìjẹ́ pé mo rí i?

Gelatin ni ẹ kọ́kọ́ wò. Awọ àti egungun ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù ni a sábà fi ń ṣe é, ó sì wà nínú àwọn súìtì tí ó ń fà, nínú yúgọ́ọ̀tì kan àti lára kápúsù oògùn. Bí a bá kọ "gelatin" lásán, kò sí bí ẹ ó ṣe mọ ẹran tí ó ti wá, àfi tí àmì halal tàbí kosher (ohun tí òfin Júù gbà láyè) bá wà lára rẹ̀ tàbí tí a kọ ọ́ pé ẹja tàbí màlúù ni. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tún lè wà nínú bísíkíìtì àti àwọn oúnjẹ tí a fi ìyẹ̀fun dín. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù fúnra wọn kò fẹnu kò lórí gelatin: àwọn kan ní ìyípadà tí ó dé bá a ti sọ ọ́ di ohun mìíràn, àwọn kan ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Oògùn tí ó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá ńkọ́?

Heparin, tí a fi ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀, láti inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ti ń wá jù. A ń fi ẹ̀yà ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tún ọkàn ènìyàn ṣe, insulin ẹlẹ́dẹ̀ sì gba ẹ̀mí àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà là fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ti ènìyàn tí a ṣe nílé ìwádìí tó jáde ní 1982. Nínú òfin Júù, ìgbẹ̀mílà borí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òfin, jíjẹ ni a sì kà léèwọ̀ ju lílò lọ. Àwọn ẹsẹ Al-Kùránì tí mo kà lókè náà fi àyè sílẹ̀ fún ìnira. Ẹ sọ èrò yín fún dókítà kí ó tó kọ oògùn, nítorí pé irú mìíràn lè wà. Ẹ má ṣe dá oògùn tí ẹ ti ń lò dúró fúnra yín.

Ọkọ mi ń jẹ ẹ́, èmi kì í jẹ ẹ́. Kí ni kí a fi tọ́ ọmọ?

Ẹ fẹnu kò kí ọmọ tó gbọ́n, nítorí pé ọmọ tí ó bá gbọ́ "oúnjẹ burúkú ni" lẹ́nu ìyá tí ó sì ń rí i lábọ́ bàbá kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́. Ohun tí yóò gbọ́ ni pé bàbá rẹ̀ burú. "Èmi kì í jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀sìn mi, bàbá yín ń jẹ ẹ́" jẹ́ gbólóhùn tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè lóye. Ìkòkò, ọbẹ àti pátákó ìgéran ọ̀tọ̀ kò gbówó lérí tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pa ọ̀pọ̀ ìjà.

Mo ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì fẹ́ padà sí i. Ṣé ara mi yóò gbà á?

Ìtàn kan wà pé ara máa ń gbàgbé bí a ṣe ń da ẹlẹ́dẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: èròjà tí ara fi ń da purotéènì àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ náà ni ó fi ń da ti adìẹ àti ẹyin, nítorí náà ẹni tí ó ṣì ń jẹ àwọn yẹn kò pàdánù ohunkóhun. Ohun tí ó lè dà yín láàmú ni ọ̀rá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti ọkàn yín fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn ti ń rí sá fún ọdún púpọ̀ lè mú kí èébì gbé e kí ó tó gbé e mì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègé kékeré láti ẹ̀yìn ẹran, ibi tí kò lọ́ràá, kí ẹ sè é jinná, kí ẹ sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ti mọ́ yín lára. Tí ó bá jẹ́ pé ara yíyún tàbí èémí tí ó há ni ó mú yín fi í sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fi kan ẹnu.